Eré Sísá Nínú Ọyẹ́ àti Eré Orí Ẹ̀rọ

Bí ọyẹ́ bá mú ní oṣù Ọ̀pẹ, a máa ń rí àwọn tí ń sáré ní kùtùkùtù ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí ọyẹ́ ti la ètè wọn. Àwọn mìíràn kò jẹ́ jáde. Orí ẹ̀rọ nínú ilé ni wọ́n ti ń sáré lójú kan. Ta ni ó ṣe é re? Ẹ jẹ́ kí á bi ìtàn.

Ìyà ni baba ńlá ẹ̀rọ yìí. Ní 1818 ni William Cubitt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àgbá ńlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gùn bí àtẹ̀gùn, tí ó sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní Jàmáíkà, lẹ́yìn òfin tí ó ní oko ẹrú parí ní 1834, wọ́n ṣì ń so àwọn ènìyàn dúdú mọ́ irú àgbá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń nà wọ́n lórí rẹ̀. Ọdún 1898 ni òfin mú un kúrò nínú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di 1963, dókítà Robert Bruce ní Amẹ́ríkà ti ń fi ẹ̀rọ ìsáré yẹ ọkàn aláìsàn wò.

Eruku ọyẹ́ kò dára fún ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Kí irú wọn gun ẹ̀rọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ le, títì wà fún un, kò sì béèrè iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n kí á má fi ẹ̀rọ ṣe ẹlẹ́yà: ẹni tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n.