Ẹni Tí Yóò Fẹ́ Wa Lójú

Ẹni tí yóò fẹ́ni lójú kì í fata sẹ́nu. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ìbáà ṣe ará Ṣábẹ̀ẹ́, ìbáà ṣe ará Kétu tàbí ti Ìbàdàn. Bí ẹni tó yẹ kó tún ọ̀rọ̀ ṣe bá ń bà á jẹ́, òwe yìí la máa ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ojú gan-an, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n òwe náà sá pamọ́ sí.

Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa ń fẹ́, nǹkan kó sí ọmọ lójú. Ọmọ ń fọwọ́ ra ojú, omi ń dà wọ̀ọ̀. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò ti ìpéǹpéjú òkè sókè, ó fi ìka kan fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan. Ní àsìkò yẹn, ọmọ kò lè dìjú, kò lè sá. Ibi tó rọ̀ jù lọ lára rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ata bá wà lẹ́nu ẹni tó ń fẹ́ ojú, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìgbà tí ojú ṣì wà ní dídì ló yẹ kí wọ́n ti yẹ ẹnu wò. Ẹ sì kíyè sí i pé òwe náà kò béèrè bóyá ẹni tó fata sẹ́nu ní èrò ibi lọ́kàn. Ó lè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ń jẹ lọ́wọ́. Inú rere rẹ̀ kò ní kí ata má ta ojú.

Àwa ará ìlú la ni ojú. Ìjọba tó di ìbọn mú nítorí ààbò wa ni a ní kó wá bá wa fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ òfin ni láti ní kí ó lanu ká rí i.

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Savè. Títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou gba ìlú náà kọjá, àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí ilẹ̀ Niger sì ń gba ibẹ̀ ní ọdún 2021. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn èèyàn dí títì náà pa. Ọkọ̀ kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀.

Kí ló fa ìbínú? Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Ààrẹ Patrice Talon búra, ọdún 5 sì ni òfin ilẹ̀ náà fún ààrẹ nígbà náà. Ẹni tó bá fi ìka kà á yóò rí i pé ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni sáà náà pé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ilé aṣòfin tún òfin náà ṣe, wọ́n sún ìparí sáà dé ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, wọ́n ní kí gbogbo ìdìbò lè bá ara wọn mu ni. Aṣòfin 83 ló jókòó ní ilé yẹn, kò sí alátakò kan ṣoṣo láàárín wọn, nítorí ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ààrẹ nìkan ni wọ́n gbà kí ó díje nínú ìbò oṣù kẹrin ọdún yẹn. Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tó wà ní Arusha ní kí wọ́n fagi lé àtúnṣe náà, torí kò ní ìfohùnṣọ̀kan ará ìlú nínú. Oṣù kejìlá ọdún 2020 nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, nínú oṣù kẹta ọdún kan náà, ìjọba ti kọ̀wé pé òun gba àyè tí ọmọ ìlú fi ń lọ sí ilé-ẹjọ́ yẹn ní tààràtà kúrò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, sójà dé Ṣábẹ̀ẹ́ láti ṣí títì. Ìbọn dún. Ó kéré tán, èèyàn 2 ló kú, ọta ìbọn sì ba àwọn mìíràn. Ìjọba sọ pé àwọn kan yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ ààbò, wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú wọn léṣe. Ọjọ́ 11 ni wọ́n dìbò, Talon sì wọlé pẹ̀lú ìbò tó ju ìdá 80 nínú 100 lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa, nǹkan wà nínú ojú lóòótọ́. Títì tó dí pa ń jẹ́ kí tòmátì rà mọ́ alájàpá lọ́wọ́, ó sì lè pa aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ ènìyàn ni ọlọ́pàá tí ìbọn ọdẹ bà. Ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn pa sójà 54 ní àgbègbè igbó ọba W. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwọn sójà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gba ìjọba. Nàìjíríà ní láti fi ọkọ̀ òfurufú ogun ran Kútọnu lọ́wọ́ kí ọ̀tẹ̀ náà tó já sí asán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ààbò kò ju àwáwí ìjọba lọ kò tíì sun oorun ìbẹ̀rù rí. Bí a ṣe nílò ẹni tí yóò fẹ́ wa lójú tó yìí gan-an ni kò fi yẹ ká gbójú fún un ká tó wo ẹnu rẹ̀.

Àwọn tó kọ ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 mọ èyí dájú. Wọ́n ti wà lábẹ́ ìjọba ológun Kérékou láti ọdún 1972. Nígbà tí wọ́n pé jọ sí Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, tí bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza jókòó sórí àga alága, ata ṣì ń ta ojú wọn. Òun ni wọ́n fi kọ abala kọkàndínlógún ìwé náà. Ó ní ẹnikẹ́ni, òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá, bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe ìgbọràn bí àṣẹ tí wọ́n fún un bá jẹ́ èyí tí yóò tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ lọ́nà tó burú tó sì hàn gbangba. Ẹ rò ó wò ná. Sójà tó dúró lórí títì, tí ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn lẹ́yìn, òfin tó ga jù lọ nílẹ̀ rẹ̀ sọ fún un pé ó lè kọ̀. Mi ò mọ òfin tó bọlá fún sójà jù yẹn lọ, nítorí ó gbà pé ènìyàn tó ní ọpọlọ ni. Ó dùn mí pé a kì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ààbò ní gbangba.

Ìbínú mi lórí ọ̀rọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021. Ọdún méjì ṣáájú, nínú oṣù kẹfà ọdún 2019, rògbòdìyàn ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ àti ní Tchaourou, ìlú Ààrẹ àná Boni Yayi, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yí ilé rẹ̀ ká ní Kútọnu. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá sì fara pa. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé aṣòfin ṣe òfin ìdáríjì fún gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìbò ọdún náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ẹ̀wọ̀n jáde, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n tì mọ́ ìbéèrè. Ta ló pàṣẹ? Ta ló yìnbọn? Ìdáríjì tí a kò kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó fi fúnni, bí ìgbà tí a fi ewé bo egbò tí kò jiná ni. Lójú tèmi, àìbéèrè ọdún 2019 wà lára ohun tó kó ìlú kan náà, títì kan náà, padà sínú ẹ̀jẹ̀ ní 2021.

Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ kò gbé ìbọn àti oyè sọ́wọ́ ẹnì kan. Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun, kì í gbé olú ìlú pẹ̀lú Aláàfin. Baṣọ̀run àti àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù ló ń wo ẹnu ọba. Síbẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó wo ẹnu Baṣọ̀run Gáà, ó di apàṣẹ-wàá, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹni tó ń yẹ ẹnu wò náà ní ẹnu.

Ní Èkó, wọ́n gbìyànjú láti wo ẹnu ìjọba: lẹ́yìn ìyìnbọn sí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Lekki ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí jókòó ní gbangba, ó sì gbé ìròyìn jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ìjọba kò gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, àwọn tó fara gbọta sọ̀rọ̀, ó wà nínú ìwé.

Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní ọ̀nà kan nílẹ̀, tí èmi fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ àti olórí ẹbí ibẹ̀ mọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu kì í ṣe ti olóṣèlú nìkan. Ọmọ ìlú èyíkéyìí lè kọ lẹ́tà sí i pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀, abala 120 ìwé òfin sì ní kí ilé-ẹjọ́ náà dáhùn láàárín ọjọ́ 15. Kò pọn dandan kó gba lọ́yà. Orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ tó pé, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ìbuwọ́lù. Bí kò bá sì mọ̀wé, kó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà.