Orin Tó Gùn Ju Ìgò Ọtí Lọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀, Mende. Òjò ọ̀wàrà ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ti dá. Ìyá mi pè láti Abẹ́òkúta, ó ní níbo ni mò ń múra lọ ní Sátidé tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní Felabration ni, ọdún ìrántí Fẹlá olórin. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé Shrine yẹn náà? Ibi tí wọ́n ti ń fa igbó?"

Mo ní ẹ má gbàgbé pé ọmọ ìlú yín ni, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Fẹlá ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà 1938, ọmọ àlùfáà sì ni. Ìyá mi ní ti ìyá rẹ̀ lòun mọ̀, Fúnmiláyọ̀ tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. "Ti ọmọ ni mi ò mọ̀." Ó wá kìlọ̀ pé kí n má mu ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún mi, kí n sì fi owó mọ́tò sínú bàtà. Mo fi sínú bàtà.

Aago kan ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n ti ń dúró létí Maryland Mall, àpótí dúdú ràgàjì tí wọ́n ṣí ní 2016. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan ní Ọba Akran kí wọ́n tó tì í pa. Láti ẹnu iṣẹ́ yẹn ló ti máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shrine àtijọ́, gbọ̀ngàn orin Fẹlá ní Pepple Street, tí owó oṣù bá ti wọlé.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú, mo pẹ́."

"Ibi tí à ń lọ yìí, ta ló ń tètè débẹ̀?"

Kọ̀ndọ́ ń pariwo: "Ìkejà, Allen! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony gba wákàtí kan gbáko lọ́wọ́ wa. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbé Èkó kò ní gbà mí gbọ́.

Aago méjì ààbọ̀, ojúlé 7, Gbemisola Street, ẹ̀yìn Allen. Ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn nìyí. Oṣù Ọ̀wàrà 2012 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì fi mílíọ̀nù 40 náírà ṣe ìrànwọ́. Ọ̀rọ̀ náà pa ẹ̀gbọ́n lẹ́rìn-ín. Ijọ́ 18 oṣù Èrèlé 1977, àwọn sójà ìjọba ló dáná sun Kalakuta àkọ́kọ́, ilé Fẹlá, ní ojúlé 14, Agege Motor Road, tí wọ́n ju ìyá rẹ̀ arúgbó láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kò lo ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ìjọba kan ń sun ilé, ìjọba kan ń kun ilé lọ́dà," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ibojì Fẹlá wà níwájú ilé tí a dé yìí. Nínú ilé, yàrá rẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n sì to bàtà rẹ̀ àti pátá rẹ̀ sí gbangba. Àwọn ọmọ iléèwé kan ń fi pátá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n, mo rò pé yóò bá wọn wí, àṣé ibi bàtà ni ojú rẹ̀ wà. Ó ní lóṣù Ògún 1997, òun wà nínú èrò tó tẹ̀lé pósí Fẹlá onígíláàsì láti Tafawa Balewa Square wá sí ojúlé yìí. Èrò ọ̀hún, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù kan. Ẹsẹ̀ ni òun fi rìn ín. Bàtà òun kan ja sí Ojúẹlẹ́gbà, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Òun fi ẹyọ kan tó kù dé Ìkejà.

"Kí ló dé tí ẹ ò bọ́ ìkejì sọnù?"

"Ṣé o mọ iye tí mo rà á?"

Aago márùn-ún, a jẹ àmàlà. Aago mẹ́fà, òjò tún fẹ́ rọ̀, kò rọ̀.

Aago méje kọjá díẹ̀, Agídíngbí. Kí èèyàn tó gbọ́ ìlù rárá, òórùn kòkó láti ilé-iṣẹ́ Cadbury ló kọ́kọ́ ń kí i. Lẹ́yìn náà ni òórùn súyà, àsun, àti èéfín kan tí ìyá mi ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn oníparaga to ìgò wọn sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ra ìgò ọtí kan, ó ní òun kò ní rà ju ẹyọ kan yìí lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí a wà. Nígbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún 1997, Shrine ti Pepple kò pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Computer Village ti gba gbogbo àdúgbò yẹn báyìí, ibi tí fèrè ti ń ké rí ni wọ́n ti ń ta ṣájà. Yẹni, ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà, ló dá Felabration sílẹ̀ ní 1998. Ní ọdún 2000, òun àti Fẹ́mi àbúrò rẹ̀ ṣí Shrine tuntun yìí. Ohun tí wọ́n ṣe yé Yorùbá dáadáa: ọmọ ń ṣọdún bàbá. Ọdọọdún, lọ́sẹ̀ tí ọjọ́ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á pe aráyé. Àwọn olórin ńláńlá tó ń gba owó gọbọi níbòmíràn máa ń wá síbí kọrin láìgbowó, bí ìgbà tí àna bá wá síbi ìnáwó.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú ní aago mẹ́jọ, tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. Aago mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá san owó lọ́wọ́ agbátẹrù lè pariwo pé kí wọ́n dá owó òun padà. Lọ́dọ̀ onílé, kí lo fẹ́ wí? O jókòó ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣíìfù ọ̀sán wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Nkrumah àti Malcolm X ń wò wá láti ara ògiri. Ẹ̀gbọ́n ní Ààrẹ Faransé, Macron, wá síbí lóṣù Agẹmọ 2018, pé ó ti mọ ibẹ̀ láti 2002 nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì wọn. Èmi ń ronú nípa ẹsẹ̀ mi.

Aago méjìlá òru. Àwọn ọ̀dọ́ olórin ń gorí ìtàgé lọ́kọ̀ọ̀kan, orin wọn ti wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n kàn ń pariwo lé e lórí. Àwọn ọmọdébìnrin iwájú mi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà mọ méjì níbẹ̀, mo sì jó. Ẹ̀gbọ́n kò jó. Ó gbé ìgò rẹ̀ sókè sí iná: "Ìwọ wò ó. Mi ò tíì mu tó ìka kan, ó ti parí. Orin rèé àbí ìkìlọ̀?"

Ó wá sọ ohun kan tí mo ti kà rí ṣùgbọ́n tí kò tíì wọ̀ mí lára. Tí Fẹlá bá ti gbé orin kan sínú àwo, ó parí nìyẹn. Kì í kọ ọ́ mọ́ lórí ìtàgé. Ní Pepple, orin tí kò tíì jáde ni wọ́n ń lọ gbọ́, èyí tó ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Ẹni tó bá bèèrè ti àtijọ́, yóò ní kí ó lọ ra àwo. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, olóòtú ìtàgé ní kí a jọ kọ orin Fẹlá kan tó ti dàgbà jù mí lọ, gbogbo ilé sì ké e jáde láìsí ìlù. Ohun tí bàbá kọ̀ láti ṣe ni gbogbo ayé ń bá a ṣe lọ́jọ́ọ̀bí rẹ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n láti rí i bóyá yóò kọ̀ ọ́ náà. Òun ló ń kígbe jù.

Aago méjì kọjá. Ẹgbẹ́ Afrobeat kan gorí ìtàgé, wọ́n lé ní mẹ́wàá. Gítà kan bẹ̀rẹ̀, ohùn mẹ́rin péré, ó ń tún un pè, ó ń tún un pè. Béèsì dá a lóhùn. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí fèrè kankan tó sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n sì sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sọ ọ́ pa pọ̀, àyà mi já. Àwọn oníjó jáde, ẹfun lójú, ìlẹ̀kẹ̀ nídìí. Ọ̀gá wọn kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n dìde. Orúnkún tó ń ráhùn lé lórí láti Maryland, ó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń mu, ó ń jó. Nígbà tí olórin yóò fi la ẹnu, ìgò ti dé ìdajì. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n da ìgò dojú kọlẹ̀ hàn mí, kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́.

Aago márùn-ún ààbọ̀. Danfó Maryland, Ojota. Owó inú bàtà mi ti rin gbindin, kọ̀ndọ́ fi ìka méjì gbà á. Ẹ̀gbọ́n ti sùn, orí rẹ̀ wà lára fèrèsé, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sùn. Ó ń gbá ara mọ́tò, ko-ko, ko, ko-ko, bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe ń lọ. Dírẹ́bà rò pé ẹnì kan fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó dúró. Kò sẹ́ni tó bọ́. Ó tún gbéra. Ko-ko, ko, ko-ko. Ó tún dúró.

"Ta ló wà?" ni kọ̀ndọ́ bèèrè.

Mo gbójú síta.