Jerúsálẹ́mù Kí Dáfídì Tó Débẹ̀

Bí oníwàásù bá dárúkọ Jerúsálẹ́mù, kì í pẹ́ tí yóò fi túmọ̀ rẹ̀ sí ìlú àlàáfíà. Ìtumọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí ìparí orúkọ náà àti ṣálómù, ọ̀rọ̀ Hébérù fún àlàáfíà, jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Àmọ́ bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kọ́ ló sọ ìlú náà lórúkọ. Àwọn ará Kénáánì ni, òrìṣà wọn tó ń jẹ́ Ṣálímù ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìpìlẹ̀ Ṣálímù ni ìtumọ̀ tó bá ẹ̀rí mu jù lọ.

Láàárín ọdún 1900 sí 1800 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Íjíbítì a máa fi tàdáwà kọ orúkọ ìlú àti olórí tí wọ́n kà sí ọ̀tá sára ìkòkò, wọn a gbé e ṣẹ́ èpè, wọn a sì fọ́ ọ. Ọ̀kan lára orúkọ wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà sí Ruṣalimum. Ní nǹkan bí ọdún 1350, Abdi-Heba, ọba ìlú náà, kọ lẹ́tà sórí wàláà amọ̀ sí Fáráò, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fi àwọn tafàtafà ránṣẹ́. Urusalim ló pe ìlú rẹ̀. Dáfídì kò tíì gba ibẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1000. Àwọn wàláà tí wọ́n wú ní Ugarit, ní Síríà, láti ọdún 1929 ló fi Ṣálímù hàn wá: òrìṣà ìrọ̀lẹ́ ni, Ṣáhárì òrìṣà àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ni arákùnrin rẹ̀. Ní ti apá ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Jerúsálẹ́mù, Bíbélì fúnra rẹ̀ dárúkọ aginjù Jérúélì nínú Kíróníkà Kejì orí 20. Ìpìlẹ̀ Élì, Ọlọ́run, ni ìyẹn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà hun orúkọ méjèèjì.

Àwọn kan lè ní uru nínú lẹ́tà Abdi-Heba túmọ̀ sí ìlú ní èdè Mesopotámíà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èdè ìbílẹ̀ kọ́ ni akọ̀wé ọba náà fi kọ ọ́, orúkọ tó wà lára ìkòkò Íjíbítì, tó dàgbà jù ú lọ, kò sì ní uru níwájú bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe kà á. Àwọn mìíràn lè bi wá pé báwo ni olùsin Ọlọ́run kan ṣoṣo yóò ṣe fi orúkọ òrìṣà sílẹ̀ lára olú ìlú rẹ̀. Ẹ wo ìwé Jóṣúà: Bẹti-Ṣéméṣì, ilé òòrùn, àti Bẹti-Ánátì, ilé abo òrìṣà Ánátì, wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pa wọ́n dà. Ẹni tó bá gba ìlú kì í sábà gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ará ibẹ̀. Ìwé Hébérù 7:2 túmọ̀ Sálẹ́mù, ìlú ọba Mẹlikisẹ́dékì tí ọ̀pọ̀ ń kà sí Jerúsálẹ́mù, sí àlàáfíà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ nípa Mẹlikisẹ́dékì ló ń kọ́ni níbẹ̀, kì í ṣe pé ó ń wá ẹni tó tẹ ìlú dó. Èpè àti ẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ogun ni àkọsílẹ̀ méjì tó pẹ́ jù lọ nípa ìlú náà. Ìrètí ni àwọn tó wá lẹ́yìn fi ka àlàáfíà sínú orúkọ náà. Ó yẹ kí a máa wàásù rẹ̀ bí ìrètí, kí a má sì fi ṣe ìtàn ìtẹ̀dó.