Orúkọ Bàbá, Kì í Ṣe Orúkọ Ìdílé

“Orúkọ ìdílé” ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pe orúkọ tí fọ́ọ̀mù ń pè ní “surname”. Èmi ò fara mọ́ ọn. Láti Mọníyà títí dé Àkànrán lágbègbè Ìbàdàn, bí o bá bi àgbàlagbà léèrè ìdílé rẹ̀, agbo ilé ni yóò dárúkọ, tàbí kó fi orílẹ̀ dáhùn: Olúfẹ̀, Òpómúléró, Oníkòyí. Ta ló ń kọ ìyẹn sí fọ́ọ̀mù? Orúkọ àbísọ ẹnì kan ṣoṣo la ń kọ síbẹ̀, tí tákàdá ò jẹ́ kó bá onítọ̀hún lọ. Josiah Akínyẹlé wà lára àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú n'Íbàdàn. Òun gan-an ló ń jẹ́ Akínyẹlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá fi ṣe orúkọ bàbá: Alexander Babátúndé, bíṣọ́ọ̀bù tó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, àti Isaac Babalọlá tó jẹ Olúbàdàn ní 1955. “Orúkọ bàbá” tí wọ́n ń wí lóko ló tọ́.

Síbẹ̀, lóko kan náà, ọmọ bàbá kan lè má jẹ́ orúkọ kan náà. Àgbà ń jẹ́ Fákúnlé bíi bàbá wọn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mú lọ sílé ìwé ń jẹ́ orúkọ ẹni tó sanwó. Àbíkẹ́yìn gba Jésù, ó yọ Ifá kúrò, ó di Olúkúnlé.

Àwọn onímọ̀ orúkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín tiwọn sí mẹ́rin: èyí tó ti ara bàbá wá, ti ìlú, ti iṣẹ́, àti ìnagijẹ tó mọ́ ìran lára. Ti iṣẹ́ ò lè ṣòro fún ẹni tó mọ Àyàn àti Ọdẹ. Ẹ wo Crowther, tó pọ̀ jù ní Yorkshire. Ohun èèlò olókùn kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá ha bíi gòjé ni wọ́n ti mú un jáde. Onígòjé ló túmọ̀ sí. Wọ́n kó Àjàyí, ẹni tó wá di Àjàyí Crowther, ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Sàró ní 1825, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é. Irú èyí ni mo fẹ́ ká máa pè ní orúkọ àgbàjẹ́. Orúkọ dé láìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà tún lọ láìsí orúkọ: Abigail ọmọ rẹ̀ ló bí Herbert Macaulay. Nítorí náà, “ìtànkálẹ̀ orúkọ” la ó máa wí, a ò ní pè é ní “ìtàn ìran”.

Láti 1979 ni ẹgbẹ́ kan ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣa gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan jọ. “Ìwádìí olórúkọ kan” ló yẹ ká máa pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Lálúpọn, àjèjì ni yóò kó jọ bí ó bá bẹ̀rẹ̀ látorí Akínyẹlé. Kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn.