Inú Ewé Ni Gààrí Ti Ń Wá

Ní Bárúwà àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní Alímòṣọ́, kò ṣòro láti rí ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí. Nígbà tí a bá ń hú u, ìdí rẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wò. Ṣùgbọ́n níbo ni oúnjẹ inú gbòǹgbò náà ti wá? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé láti inú ilẹ̀ ni. Ìdáhùn náà kò pé.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Jan Baptista van Helmont, ará Brussels, gbin igi kan sínú erùpẹ̀ tí ó wọn 200 pọ́n-ùn. Omi nìkan ni ó ń bù sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà ti fi nǹkan bí 164 pọ́n-ùn wúwo sí i, síbẹ̀ nǹkan bí áúnsì 2 péré ni ó dín nínú erùpẹ̀ náà. Ó gbà pé omi ni ó di igi. Kò mọ ipa tí afẹ́fẹ́ kó. Ní ọdún 1779, Jan Ingenhousz, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi hàn pé láìsí ìmọ́lẹ̀, ewé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Photosynthesis ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ewé wé ilé ìdáná. Gbòǹgbò ni ó ń pọn omi wá. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń gba àwọn ihò tíntìntín ara ewé wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìdá 10,000 afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, nǹkan bí ìdá 4 péré ni. Oòrùn ni iná ìdáná náà. Èròjà chlorophyll, tí ó mú kí ewé ní àwọ̀ ewé, ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ra. Agbára ìmọ́lẹ̀ yìí ń tú omi palẹ̀: oxygen inú rẹ̀ ń jáde fún wa láti mí, hydrogen rẹ̀ sì ń dara pọ̀ mọ́ carbon dioxide láti di ṣúgà. Ṣúgà yìí ń gba inú igi ẹ̀gẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gbòǹgbò, níbi tí ó ti ń di sítáàṣì. Òun ni a ń jẹ ní gààrí, láfún àti fùfú.

Ṣé ilẹ̀ kò wúlò nígbà náà ni? Ó wúlò púpọ̀. Láti inú rẹ̀ ni nitrogen àti magnesium tí a fi ń ṣe chlorophyll ti ń wá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ewé a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oúnjẹ a sì dín kù.

Àrùn mosaic tún ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ewé a ká kò, yóò ní àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a sì kéré. Àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tí ń fò ni ó ń tàn án kálẹ̀, àti igi ẹ̀gẹ́ tó ti lárùn tí a bá tún gbìn. Ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti mú àwọn irú ẹ̀gẹ́ tó lè kojú àrùn yìí jáde.

Nítorí náà, igi tí ara rẹ̀ dá ni kí ẹ gé gbìn. Ẹ má ṣe gbìn ín sábẹ́ òjìji igi tàbí ògiri. Ẹ tètè ro oko kí koríko má bàa ṣíji bò ó, ẹ má sì ṣe já ewé rẹ̀ ní àjájù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdí ẹ̀gẹ́ òun yóò ti rí, kí ó kọ́kọ́ wo ewé rẹ̀.