Ìlà Greenwich àti Ilẹ̀ Bàbá Wa

Ẹ̀yin òbí ní Peckham, Greenwich kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni George Airy fi ìlà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1851, tí ìpàdé Washington sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1884 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ayé. Lónìí, òdo inú fóònù wà ní nǹkan bí 102 mítà sí ìlà-oòrùn rẹ̀. Irinṣẹ́ Airy tẹ̀lé agbára òòfà ilẹ̀ ibẹ̀. Àárín gbùngbùn ayé ni sátẹ́láìtì ti ń ka tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nílé. Láti Minna ni wọ́n ti ka ọ̀pọ̀ máàpù Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó fi nǹkan bí 100 mítà yàtọ̀ sí ti sátẹ́láìtì. Kí ẹ tó fi nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè bàbá yín wá ààlà lórí fóònù, ẹ ní kí àwọn tí ń wọn ilẹ̀ yí i padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ onílẹ̀ ni ẹ ó fi han àwọn ọmọ.