Ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́: Ta Ni Yóò Máa Gbé Inú Rẹ̀?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlú tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin ní orúkọ mẹ́ta, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó sọ ọ́. Àjàṣẹ́ ni Yorùbá ń pè é, Hogbonu ni àwọn Gùn ń pè é. Àwọn Potogí tó wá ṣòwò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ló pè é ní Porto-Novo, èyíinì ni èbúté tuntun.

Ìtàn ẹnu àwọn àgbà sọ pé ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ àdúgbò Accron dó, níbi tí ojúbọ Abori wà. Lẹ́yìn náà ni Tè Agbanlin dé láti Allada ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí ìjọba rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀.

Àwọn mìíràn tún dé láti òkè òkun. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní Brazil lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gba òmìnira padà sí Èkó, Ouidah, Agoué àti Àjàṣẹ́. Ọmọ Yorùbá pọ̀ lára wọn. Ọwọ́ òfo ni wọ́n bá lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n mú bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Àwọn ni Àgùdà, àwọn da Silva, Paraïso, Medeiros àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òwò gbèrú láyé Ọba Toffa, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908, àwọn Àgùdà kọ́ ilé bí èyí tí wọ́n rí ní Bahia. Amọ̀ pupa àti bíríkì ni ògiri rẹ̀; ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè; ojú fèrèsé tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sì yí i ká. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá, tí àlejò máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì bó bá kọ́kọ́ rí i.

Ilé náà kì í ṣe ohun ìwòran lásán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbéyàwó, àgbàlá rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá sùn sí. Lóṣù kìíní ọdún, nígbà àjọ̀dún Bonfim, ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ ni eégún Burian ti ń jó.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti ilé Àgùdà kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tó bá wó, simẹ́ńtì ló ń rọ́pò rẹ̀. Òjò ló ń gba ẹ̀bi, nítorí bí páànù bá lu, amọ̀ á máa yọ́. Ṣùgbọ́n páànù ṣeé pààrọ̀. Àìfẹnukò ni kò ṣeé fi òòlù kàn. Ọmọ ogún ni wọ́n jọ jogún ilé kan, àwọn kan wà ní Kútọnu, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Faransé. Èyí fẹ́ tà, èyí fẹ́ tún un ṣe, èyí kò dá wọn lóhùn. Arúgbó kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tó ń gbálẹ̀. Bó bá lọ, ilé á tẹ̀lé e.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ilé da Silva ti di mùsíọ́mù. Ẹgbẹ́ Ouadada ti bá àwọn ìdílé tún ojúde òrìṣà mélòó kan ṣe nínú ìlú àtijọ́ yìí. Níbi tí ìdílé bá ti jókòó sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdún ló ń mú ọmọ wálé. Kí ìlù tó dákẹ́, kí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan pàdé lábẹ́ òrùlé baba wọn, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì dá owó páànù. Ilé kò ní dahoro, ọ̀nà kò ní dí. Àṣẹ.